Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí A Fi Ka Bọ́tìnì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ọwọ́ ló ní. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń to ẹyin sínú kíréètì ní ọgbà adìyẹ ńlá tó wà ní òpin àdúgbò wa. Tẹ́ ẹ bá rí i lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ ọ̀tún á lọ, tòsì á bọ̀, ẹyin ò ní fọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ọwọ́ Ẹ̀rọ. Èmi ní tèmi, aránṣọ ni mí, mi ò sì ní sùúrù. Àwọn tó mọ̀ wá máa ń ní ìyá kan náà ò lè bí wa. Ẹ dá wọn lóhùn fún mi: ìyá kan náà ló bí wa, ẹnu nìkan ni wọn ò pín dọ́gba.

Yàrá méjì la jọ ń gbé, lókè ilé alájà mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lójú fèrèsé yàrá iwájú, tábìlì tí a ti ń jẹun sì fara tì í. Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi àti Kékeré ń sùn. Kékeré ni ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí láyé. Ó ṣàìsàn fún oṣù mẹ́rin, ó sì kú mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí Kékeré ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ jí, ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ wá lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó lajú.

Bàbá Kékeré ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Oṣooṣù ló ń yà sọ́dọ̀ wa, á gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, wọ́n á sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nílùú mìíràn, tíṣà ni ọkọ ìyẹn, àtọjọ́ ìsìnkú ni obìnrin náà ti ń bèèrè ọmọ. Bí bàbá Kékeré bá ti ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ti ń dàgbà," a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyẹn. Ìdáhùn kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń fún un: "Jẹ́ kó wọ iléèwé ná." Bí ọ̀rọ̀ ṣe di àdéhùn nìyẹn. Bí iléèwé tó wà nítòsí wa bá gbà á sí kíláàsì kìíní, ọ̀dọ̀ wa ló máa wà. Bí wọn ò bá gbà á, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, a wọ aṣọ tuntun fún un, èmi ni mo rán an. Tíṣà tó dán an wò jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Kékeré mọ gbogbo àwọ̀ tó fi hàn án. Ó sọ ìtàn ológbò ìsàlẹ̀ ilé wa fún un, tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ni tíṣà bá to ìdérí ìgò mẹ́sàn-án sórí tábìlì. "Mélòó nìyí?" Kékeré ní, "Mẹ́ta." Ó to mẹ́fà. Kékeré ní, "Méjì." Ó to méjìlá. Kékeré ní, "Mẹ́rin!" Ó sì yíjú wá wo ìyá àgbà rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ń dúró kí a yìn ín.

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà.

Tíṣà ò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ó ní ọmọ yìí gbọ́n lẹ́nu ṣùgbọ́n kò mọ òǹkà, kíláàsì kìíní ò sì ní dúró dè é. Ó ní àyè kan ṣoṣo ló kù, òun máa dì í mú fún wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a lọ bá a ṣe é nílé. Ó fún wa ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ ohun tí a máa ṣe sí. Kí a máa ka ṣíbí pẹ̀lú rẹ̀ tí a bá fẹ́ jẹun. Kí a máa ka àtẹ̀gùn. Kí a da nǹkan sọ́nà méjì kí a sì bi í pé èwo ló pọ̀ jù. Ìlà tó kẹ́yìn ní kí a jẹ́ kó dà bí eré. Èmi ni mo ka ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n mi, torí kò kàwé lọ títí. Mi ò rò pé ó gbọ́ ìlà tó kẹ́yìn.

Bàbá Kékeré pè lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Màmá, kò burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà nìyẹn. Màá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ti ṣeé ṣe, mo máa mú un lọ láti ibẹ̀."

"Ó máa ṣeé ṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì kó gbogbo ṣíbí ilé wá sórí tábìlì.

Háà, ohun tí ojú mi rí nínú ilé yẹn! A ka ṣíbí. A ka ife. Mo ní agolo bọ́tìnì kan, funfun, dúdú, aláwọ̀ ewé, ọdún pípẹ́ ni mo fi tọ́jú ẹ̀. A dà á sórí tábìlì, a ka bọ́tìnì títí ojú mi fi ń rí bọ́tìnì lára ògiri. Méjìdínlógún ni àtẹ̀gùn tó gùn dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. Kékeré á gun mẹ́ta, á pariwo, "Oókan!" Á tún gun mẹ́ta, "Eéjì!" Tó bá dókè, ó di mẹ́fà. Àwa rò pé eré ló ń ṣe, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí nǹkan bá pọ̀, tó bá kà dé ẹẹ́wàá, á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ó kún!" Á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Mo ní, "Kékeré, kí ló kún?"

Ó ní, "Ó kún ni, Màmá Aránṣọ." Ó wò mí bíi pé èmi ni mi ò mọ nǹkan kan.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ kìíní. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti yípadà. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní bọ́ bàtà, kò ní mu omi. "Kékeré, wá jókòó." Ọmọ náà, tó máa ń sáré pàdé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá di ẹni tó ń sá sábẹ́ tábìlì ìránṣọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lórí bọ́tìnì wọ̀nyẹn, òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ ọ. Mo bá a wí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún márùn-ún nìyí o." Ó ní kí n gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ mi. Èmi náà fẹ̀sì burúkú fún un, a ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ló gbá a lọ́wọ́. Bọ́tìnì mẹ́sàn-án ni. Kékeré ní mẹ́ta. "Mo ní mélòó?" Mẹ́ta. "Kékeré, mélòó?" Mẹ́ta. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó bà á lẹ́yìn ọwọ́, ó dún pàá. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó dìde, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún sínú ìrọ̀rí. Mi ò mọ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ ni mo lọ bá.

Láti ọjọ́ náà, Kékeré ò ka nǹkan mọ́. Nọ́ńbà ló ń ju sílẹ̀, á máa wo ojú ìyá àgbà rẹ̀. "Mẹ́rin? Mẹ́jọ? Méje?" Ibi tí ojú yẹn bá ti dẹ̀ díẹ̀ ló máa dúró sí. Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnì dàwátì. Inú bàtà òjò mi ni mo ti rí i, Kékeré ti kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Mo dá a padà sínú agolo, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ajé ìdánwò, ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé. Mo mú un, mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Ní gbogbo ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mi ò kọjá ẹnu géètì rí. Ta ló ráyè? Olùṣọ́ géètì ní òun nìkan ló wà níbẹ̀, kí n wọlé, kí n tẹ ẹsẹ̀ bọ omi oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kí n yà sápá òsì. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ẹyin. Àwọn obìnrin méje ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gígùn, ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn, kò rí mi.

Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ apẹ̀rẹ̀, ẹyin mẹ́ta ló bá a jáde. "Oókan." Ó ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́, mẹ́ta. "Eéjì." Ọ̀tún, mẹ́ta. "Ẹẹ́ta." Mo dúró, mo ń wò. Ó dé ibi tó ti máa kún. "Ẹẹ́wàá, ó kún." Ó ti kíréètì náà síwájú, ó fa òmíràn sọ́dọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Gbogbo àwọn méjèèje ló ń kà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ẹyin ló wà nínú kíréètì, ọwọ́ mẹ́wàá.

Mo wá rántí. Nígbà tí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ti lọ ìsinmi gígùn, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ṣàánú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó máa mú ọmọ náà wá síbẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni Kékeré fi jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn, tó ń gbọ́ òǹkà yìí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi síta. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ò gọ̀ o."

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ dá mi lóhùn. Bọ́tìnì méjìlá, ọwọ́ mélòó ni?"

Kò tiẹ̀ rò ó. "Ọwọ́ mẹ́rin." Ẹnu rẹ̀ sì wà ní lílà bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Mẹ́sàn-án ńkọ́?" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí omi oògùn ti rin ilẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tutù.

Ó ní, "Mo gbá ọmọ lọ́wọ́." Ó tún un sọ. "Mo gbá a lọ́wọ́ lórí ohun tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ọ."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́, kò gbọ́ òǹkà ara rẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, torí pé tó bá dé ilé, ó ti bọ́ òǹkà yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Mo ní kí a lọ sọ fún tíṣà lójú ẹsẹ̀. Ó dì mí láṣọ mú.

"Kí bàbá ẹ̀ wá gbọ́ pé inú ilé ẹyin ni mo ti ń tọ́ ọmọ? Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Wọ́n á ní, ṣé ẹ rí i, màmá náà ò lè kọ́ ọ. Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀ mí kẹ́yìn. Mo gbà.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, ó gbé Kékeré sí orí ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan la máa ń ka nǹkan. Ẹyọ kan, oókan."

Kékeré ní, "Èyí tí ẹ̀yin ń kà ńkọ́?"

"Ti ẹyin nìyẹn."

"Ẹyin ò fẹ́ kí wọ́n ka òun ní ẹyọ kan?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọmọ náà mọ́ra, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó sì tún nawọ́ gbé agolo bọ́tìnì.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó lọ síbi iṣẹ́, ó ní òun máa fọ òǹkà yẹn kúrò lẹ́nu òun. Ó ń mú ẹyin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyin bá wọ́ jọ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó kù ń pariwo, mọ́kànlá fọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wọn bú u níṣojú gbogbo wọn, ó ní kó lọ mú ìgbálẹ̀. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ! Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún mi bíi pé ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí.

Kékeré ò pẹ́ mọ̀ ọ́n, ọmọ yẹn gbọ́n. Ní àárọ̀ Sátidé, ó ti ń fọwọ́ kan bọ́tìnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́. Á fọwọ́ kan bọ́tìnì, á wo ojú ìyá àgbà rẹ̀ kó tó sọ nọ́ńbà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá yíjú sí fèrèsé pẹ́nrẹ́n, á dákẹ́. Ẹẹ́wàá sì jẹ́ ògiri fún un. Tó bá débẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, á mí kanlẹ̀. Gbogbo Sátidé la fi ti ọmọ kan kọjá ẹẹ́wàá. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ka ogún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣì í lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo mọ̀, torí ẹ̀gbọ́n mi ń fi ṣọ́ọ̀kì mi fa ìlà sí etí tábìlì.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, bàbá Kékeré gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní ìkángun òpópónà, ó bá wa lẹ́nu géètì iléèwé. Báàgì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfìfo, irú èyí tí wọ́n ń kó aṣọ ọmọdé sí. Kò fi í pa mọ́, kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo báàgì náà, ó kí i, a wọlé.

Tíṣà to ìdérí ìgò sílẹ̀. Kékeré fọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́, ó wo ojú ìyá àgbà rẹ̀. "Oókan." Ó kan ìkejì, ó tún wò ó. Tíṣà rí i. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta díẹ̀. Bàbá ẹ̀ á wà níbí."

Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gíláàsì kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn. Èmi ni mo yọjú níbẹ̀, òun ò lè wò ó. Kékeré wá ojú ìyá àgbà rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó wá a lósì. Bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ọmọ náà wá na ìka sí ìdérí.

"Kí ló ń ṣe?" ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí lẹ́yìn.

"Ó ń kà."

"Ṣé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni?"

"Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. Ẹẹ́fà. Eéje." Mo ń ka ètè rẹ̀. "Ẹẹ́sàn-án. Ẹẹ́wàá."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó dúró."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Ó gbá etí aṣọ mi mú, ó ń gbàdúrà tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Nínú yàrá, Kékeré gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Èmi náà di ojú. Nígbà tí mo la ojú, ìka ọmọ náà ti wà lórí ìdérí mìíràn, ètè rẹ̀ ń mì. Oókànlá. Eéjìlá. Ó ń lọ. Ó dé ẹẹ́tàdínlógún, ìdérí tán, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tún bi í ní ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i, mi ò lè wò ó mọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ó ti ká báàgì náà mọ́ abẹ́ apá. "Màmá, wọ́n ti gbà á. Ó yege." Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Ọ̀dọ̀ yín ló máa wà."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í sọ̀rọ̀, pariwo débi pé àwọn ọmọ kíláàsì kejì yọjú lójú fèrèsé. Ó gbé Kékeré, ó ń yí pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi! Ìyá mi àtàtà! Sọ ohun tó o fẹ́ fún mi! Ohunkóhun!"

Kékeré ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú, ó sì bi í jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ṣé ẹ ò ní fi mí fún wọn mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. "Fún ta ni?"

"Fún bàbá mi. Kí wọ́n máa gbé mi lọ."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ fi ẹ́ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ̀yin ni," ni ọmọ náà wí. "Ẹ ní bí mi ò bá kà á dáadáa, ẹ ò fẹ́ mi mọ́. Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ó ń wò mí pé kí n sọ pé irọ́ ni. Mo wà níbi ẹ̀rọ mi ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni.